Bẹ́ ẹ ṣe lè gbá Space Invaders kẹ́ ẹ pẹ́ níbẹ̀, ti inú ṣọ́ọ̀bù géèmù àti ti Atari

Space Invaders ni géèmù tẹ́ ẹ ti máa ń fi ìbọn tó wà nísàlẹ̀ sikirín yìn àwọn ọ̀tá tó ń sọ̀kalẹ̀ látòkè. Ohun tó ń tètè pa ọ̀pọ̀ èèyàn nínú ẹ̀ ni pé wọ́n kàn ń yìnbọn ṣáá. Ọta kan ṣoṣo lẹ lè ní lójú sikirín lẹ́ẹ̀kan, tó bá ti tàsé ẹ máa dúró títí á fi gòkè tán kẹ́ ẹ tó rí òmíì yìn, àwọn ọ̀tá ò sì ní dúró dè yín o. Ẹ wo ibi tó ń lọ dáadáa kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnì.

Nínú ti inú ṣọ́ọ̀bù, èyí tí Tomohiro Nishikado ṣe fún ilé iṣẹ́ Taito ní Japan lọ́dún 1978, ọ̀tá 55 ni wọ́n, ìlà 5, 11 nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bá kan etí sikirín ni gbogbo wọn máa ń sọ̀kalẹ̀, torí ẹ̀ ẹ kọ́kọ́ pa àwọn tó tò látòkè délẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ìrìn wọn á gùn sí i kí wọ́n tó kan etí. Bí wọ́n ṣe ń dín kù ni wọ́n ń sáré sí i, kì í ṣe pé wọ́n dìídì ṣe é bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ ayé ìgbà yẹn ni ò lágbára, tí àwọn ọ̀tá tó máa yà sójú sikirín bá ti dín kù ó máa ń yára, ibẹ̀ ni adùn géèmù yẹn wà lójú tèmi.

Ẹ tún lè dúró sábẹ́ ọ̀kan lára àwọn odi tó ń dáàbò bò yín kẹ́ ẹ lù ú títí ihò tóóró á fi yọ, kẹ́ ẹ máa ti ibẹ̀ yìnbọn.

Ọkọ̀ tó ń kọjá lókè pátápátá ńkọ́? Ẹ ka ọta yín, àtèyí tó bà àtèyí tó tàsé. Tó bá jẹ́ ìkẹtàlélógún lẹ fi bà á, póìǹtì 300 ni, lẹ́yìn ìyẹn gbogbo ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọ̀tá tó kù kéré sí 8 o, ọkọ̀ yẹn ò ní yọjú mọ́.

Ti Atari 2600, ìyẹn kọ̀nsólù géèmù tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, yàtọ̀, 1980 ni géèmù náà jáde fún un. 36 péré ni wọ́n, odi 3, ọkọ̀ òkè sì ń fún yín ní 200 nígbàkigbà, ẹ ò nílò àtika ọta rárá. Irú géèmù 112 ló wà nínú katiríìjì yẹn, àwọn kan wà tí odi ń rìn, òmíì wà tẹ́ ò ní rí àwọn ọ̀tá rárá! Ẹ ti nọ́ńbà 1 bẹ̀rẹ̀ jàre. Ẹ fi swíìṣì difficulty tó wà lára kọ̀nsólù sí B, tó bá wà ní A ìbọn yín máa fẹ̀, wọ́n á sì máa tètè bà yín.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù: ẹ pa kọ̀nsólù, ẹ tẹ swíìṣì Game Reset mọ́lẹ̀, ẹ má tú u sílẹ̀ kẹ́ ẹ fi tàn án. Ọta méjì lẹ máa lè yìn lẹ́ẹ̀kan. Tí póìǹtì yín bá ti ń sún mọ́ 10,000, ẹ yáa ya fọ́tò ẹ̀, torí ó máa padà sí òdo ni.