Preamp onívalve àtijọ́ tí mo fẹ́ fi gbé gìtá sókè ń kùn hùùù, ṣé valve ló kú ni?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Láfẹ́nwá gbé preamp máìkì àtijọ́ kan fún mi, valve 12AX7 méjì (àwọn onígíláàsì bíi gílóòbù tó ń gbé ohùn sókè) ló wà nínú ẹ̀, wọ́n kọ 117V 60Hz sẹ́yìn ẹ̀ (Hz ni iye ìgbà tí nǹkan ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ti Amẹ́ríkà ni. Mo fẹ́ kó wà láàárín gìtá àti amplifier kí ohùn mi lè yọ tó bá kan èmi nìkan, torí ìlù àti kíbọ́ọ̀dù ti bò mí mọ́lẹ̀. Mo gba inú step-down, àpótí tó ń dín volts iná kù, tan án, ó tan lóòótọ́, àmọ́ ó ń kùn hùùù, bí mo tiẹ̀ pa fọ́lúùmù gìtá pátápátá kì í dákẹ́. Ohùn gìtá fúnra ẹ̀ wá dà bíi pé ẹnì kan fi aṣọ bò ó. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní Kútọ̀ ní kí n lọ ra valve tuntun l'Álábà. Ṣé kí n lọ rà á?

Ìdáhùn: Àbúrò, fi owó ẹ sápò ná. Nínú irú àpótí yìí valve kọ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, kapásítọ̀ ni, ìyẹn àwọn tó ń fi iná pamọ́, àwọn ńlá tó wà lẹ́yìn rectifier (ibi tó ń sọ iná AC di DC) yẹn, tí wọ́n bá ti jókòó lọ́pọ̀ ọdún láìrí iná, omi inú wọn á gbẹ, iná tó yẹ kó máa lọ gẹẹrẹ á wá máa gbọ̀n, gbígbọ̀n yẹn lò ń gbọ́ ní sípíkà.

Gìtá ọwọ́ ẹ ló máa jẹ́rìí. Jẹ́ kó wọ tune dáadáa, tẹ okùn tó nípọn jù ní fret kẹta, G nìyẹn, 98Hz. Tí ohùn tó ń kùn yẹn bá fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba, 100Hz ni, kapásítọ̀ ni kó o mú. Tó bá rẹlẹ̀ sí i ní octave kan gbáko, 50Hz nìyẹn, ibi áàtì (wáyà ilẹ̀) ni kó o wò tàbí wáyà tó ń gbé iná heater, èyí tó ń mú valve gbóná, lọ sídìí valve. (Àwọn ará Amẹ́ríkà á ní 120, iná tiwọn ni 60Hz, má dá wọn lóhùn.) Tó bá jẹ́ diode kan ṣoṣo ló wà nínú rectifier yẹn o, kapásítọ̀ náà á máa kùn ní 50, torí náà ṣí i wò kó o tó dájọ́. Iná NẸ́PÀ ni kó o fi dán an wò, eré jẹ́ẹ̀n kì í dúró lójú kan.

Ṣùgbọ́n kó o tó ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀: iná tó lè tó 250V ló wà níbẹ̀, tó o bá yọ ọ́ ní sọ́kẹ́ẹ̀tì ó ṣì lè wà nínú kapásítọ̀, ó sì lè pa èèyàn. Wá rẹsítọ̀ 10k oní 5W, so wáyà onírọ́bà mọ́ ọn lápá méjèèjì, fi kan ẹsẹ̀ kapásítọ̀ méjèèjì kí iná ibẹ̀ tán, kó o wá fi mítà wò ó bóyá ó ti bọ́ sí òdo. Ìyẹn ò ṣeé fò.

Step-down yẹn náà, ó sọ volts di 110, kò lè sọ 50Hz di 60, torí náà transformer inú preamp á gbóná ju bó ṣe ń gbóná lọ́hùn-ún lọ, máa ṣọ́ ọ. Tó bá jẹ́ púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì ló ní, ó ṣeé ṣe kí kapásítọ̀ kékeré kan so iná mọ́ páànù ara ẹ̀, gé e dànù, fi wáyà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sí i, kó o so áàtì mọ́ páànù, step-down púpọ̀ ò sì ní áàtì, àfi kó o fà á láti ara ògiri. Ìwọ tó o di okùn gìtá mú tí ẹnu ẹ tún wà lẹ́nu máìkì, o mọ ibi tí iná máa gbà.

Kapásítọ̀ tuntun, 450V ni kó o rà, kí µF ẹ̀ sún mọ́ ti àtijọ́, má ra 250V torí pé kò wọ́n. Tó o bá fẹ́ tan án, fi gílóòbù àtijọ́ 60W sójú ọ̀nà iná, kì í ṣe energy saver o. Tó bá mọ́lẹ̀ rokoṣo tí kò wálẹ̀, tètè pa á, nǹkan kan ti kan ara wọn níbì kan.

Ti aṣọ tó bò ó yẹn, ẹnu máìkì lo ki gìtá bọ̀. Máìkì tí wọ́n ṣe é fún ò ju bíi 200 ohm lọ, transformer kékeré ló ń gbà á lẹ́nu ọ̀nà, pickup gìtá, èyí tó ń gba ohùn okùn, sì ń fẹ́ ẹnu tó tó 1M (mílíọ̀nù kan ohm), tí ò bá rí i, ohùn òkè á kú. Yẹ transformer yẹn sílẹ̀: láti jack, fi rẹsítọ̀ 68k kan wọ pin 2 (ẹsẹ̀ kejì) valve àkọ́kọ́ (tàbí 7, wo ibi tí wáyà transformer ń lọ), kó o so rẹsítọ̀ 1M láti jack mọ́ áàtì.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Ó bá G mu lóòótọ́, mo ti pààrọ̀ àwọn ńlá yẹn, ó ti dákẹ́, ohùn náà ti là. Àmọ́ tí mo bá ń yí fọ́lúùmù ara ẹ̀ ó ń ṣe krrr krrr, tí mo bá sì ta okùn kan péré amplifier á kàn máa fọ́.

Ìdáhùn: Nǹkan méjì nìyẹn. Krrr yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kapásítọ̀ tó wà láàárín valve àti fọ́lúùmù ló ń jò. Tan án, gbé mítà sí DC, dúdú sára páànù, pupa sí apá fọ́lúùmù, òdo ló yẹ kó o rí. Tó bá gbé volts kankan wá, pa á, tú iná inú ẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, yọ kapásítọ̀ yẹn, fi 0.022µF 630V rọ́pò ẹ̀.

Fífọ́ yẹn, agbára ló pọ̀ jù. Gìtá lè mú bíi 0.2V wá, stage kan péré (ìpele kan tó ń gbé ohùn sókè) nínú 12AX7 lè sọ ọ́ di ìlọ́po 50, ìyẹn 10V, o tún wá ń gba inú stage kejì kọjá! Jẹ́ kó jáde lẹ́yìn àkọ́kọ́, fi rẹsítọ̀ 100k sójú ọ̀nà, kó o so rẹsítọ̀ 10k láti ìdí ẹ̀ mọ́ áàtì, á gé e sí ìdá kan nínú mọ́kànlá. Tó bá wọlé ní 0.2V, kò ní jáde ju bíi 0.9V lọ, boost gidi ṣì nìyẹn.

Ìbéèrè: Tí mo bá fi ìka kan valve ó ń ró gbínrín. Ṣé ti Álábà ti dé báyìí?

Ìdáhùn: Fi bírò kan méjèèjì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, èyí tó bá dákẹ́ jù ni kó o gbé sí sọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́. Tí méjèèjì bá ń ró, ó yá, ra ẹyọ kan. Tí wọ́n bá kọ ECC83 sára ẹ̀, 12AX7 náà ni, má jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ gba owó gọbọi lọ́wọ́ ẹ. Má sì gbé àpótí náà lé orí sípíkà bass lọ́jọ́ Sunday.