Bí mo ṣe ń fún nọ́ọ̀tì táyà kó má baà já

Ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ládípọ̀, Mushin, ọmọ iṣẹ́ kì í fọwọ́ kan ìbọn tó ń tú nọ́ọ̀tì láìwọ gíláàsì ojú. Títú nìkan ni mo ń fi ìbọn yẹn ṣe. Ẹ má fi í fún nọ́ọ̀tì parí o! Bóòtù ti já sí mi lọ́wọ́ rí, nítorí ẹni tó ṣiṣẹ́ ọkọ̀ náà ṣáájú mi fún un jù.

Ọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yí nọ́ọ̀tì, kí eyín rẹ̀ lè wọ ti bóòtù gbọọrọ. Ẹ wá sọ ọkọ̀ kalẹ̀, kí ẹ mú torque wrench, ìyẹn sípánà tó ń wọn agbára tí ẹ fi ń fún nọ́ọ̀tì. Nm ni wọ́n fi ń ka agbára yẹn. Corolla tí mo máa ń ṣe, 103 Nm ni mo ń yí i sí; ẹ wo ìwé ọkọ̀ tiyín. Bí nọ́ọ̀tì bá jẹ́ márùn-ún, ẹ máa fo ọ̀kan, bí ẹni ń ya ìràwọ̀. Ẹ fà á jẹ́jẹ́; bó bá ti dún "kọ̀", ẹ dúró. Àwọn ọmọ fẹ́ràn àtifà á lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè dá wọn lójú. Ìfàkejì yẹn gan-an ló ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Ẹ má fi torque wrench tú nọ́ọ̀tì láé. Tí ẹ bá parí, ẹ dá a padà sí nọ́ńbà tó kéré jù lára rẹ̀, kí sípíríńgì inú rẹ̀ lè sinmi. Kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, tàbí lẹ́yìn ìlò 5,000.

Ní ti irinṣẹ́ mìíràn ní ṣọ́ọ̀bù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gé irin, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná kí ẹ tó pààrọ̀ abẹ. Bí iná bá sì lọ lójijì, ẹ pa suwíìṣì rẹ̀ kíá, kó má baà fò lọ́wọ́ yín nígbà tí iná bá dé.