Bí frequency counter bá ń ṣe ségesège lórí síginà tí kò lágbára

Bí nọ́ńbà ojú frequency counter (ẹ̀rọ tó ń ka iye ìgbà tí síginà ń yípo ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn frequency rẹ̀) bá ń fò sókè-sódò lórí síginà tí kò lágbára, ẹ kọ́kọ́ yí probe (wáyà tí ẹ fi ń mú síginà wọ ẹ̀rọ) kúrò lórí ×10, tó ń jẹ́ kí ìdá kan péré nínú mẹ́wàá síginà wọlé, kí ẹ sì fi low-pass filter (asẹ́ tó ń dí frequency tó bá ga ju ààlà rẹ̀ lọ) sí ẹnu ẹ̀rọ náà, èyí tí ààlà rẹ̀ ga díẹ̀ ju frequency tí ẹ ń retí lọ. Ìdí ni pé iye ìgbà tí fóltéèjì gòkè kọjá trigger level (ìwọ̀n fóltéèjì tí ẹ̀rọ fi ń mọ ìgbà tí yóò kà) ni ẹ̀rọ yìí ń kà, ariwo (fóltéèjì ségesège tí kì í ṣe ti síginà) tó bá sì gun síginà lẹ́yìn lè kọjá ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìyípo kan ṣoṣo, nọ́ńbà yóò sì pọ̀ jù. Bí nọ́ńbà náà bá kéré jù, ó ṣeé ṣe kí síginà má ga tó. Amplifier, ẹ̀rọ tó ń fi kún agbára síginà, ni ó nílò. Fífa gate time (àkókò tí ẹ̀rọ fi ń kà kí ó tó gbé nọ́ńbà jáde) gùn, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré ṣe, kò wo àrùn yìí sàn: yóò kàn mú kí nọ́ńbà tó ṣìnà dúró jẹ́ẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ariwo náà bá sún mọ́ frequency síginà pẹ́kípẹ́kí, filter yìí kò lè yà wọ́n. Spectrum analyzer, ẹ̀rọ tó ń fi agbára síginà hàn ní frequency kọ̀ọ̀kan, ni kí ẹ lò.