Bí a ṣe ń lo "queue" bó ṣe yẹ

Iṣẹ́ kí n máa tẹ ìwé àlẹ̀mógiri fáwọn oníṣọ́ọ̀bù ni mò ń ṣe ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Èyí tí wọ́n ń bẹ̀ mí láti tẹ̀ jù ni èyí tó ń sọ fún oníbàárà pé kó tò, òun náà ni wọ́n sì ń bàjẹ́ jù.

Ẹ kọ "queue" báyìí: q, u, e, u, e. Bí ẹ ṣe ń pe lẹ́tà Q nìkan lẹ óò pè é. Ẹ má kọ "que". Ẹ má kọ "cue" náà, bí wọ́n tiẹ̀ ń pè é bákan náà: igi tí wọ́n fi ń gbá snooker nìyẹn.

Ibi tó ti ń dojú rú rèé. Yorùbá máa ń ní "mo wà lórí ìlà", nítorí náà "I am on the queue" ló ń jáde lẹ́nu wa nílé epo, ní báǹkì Dùgbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì ní ọsibítù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. "In the queue" ni. Àwọn èèyàn tó tò ni queue, àárín wọn lẹ sì wà. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń pè é ní "line" pàápàá, "in line" ni wọ́n ń sọ. Àwọn ará New York ló máa ń sọ "on line", ẹ má tẹ̀ lé wọn. Ìyá kan gbé páálí wá bá mi, "STAY ON YOUR QUEUE", ọmọ rẹ̀ tó wà ní Poli ló kọ ọ́. A fa ọ̀rọ̀ náà títí kó tó gbà pé ká yí i padà.

Nítorí pé queue kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo, ẹ má bèèrè pé "Who is the last queue?" "Who is last in the queue?" ló tọ́.

Ọ̀nà àbùjá wà, òun sì ni mo máa ń lò: "PLEASE QUEUE HERE." Kò sí "in", kò sí "on", kò séwu.

Fún ẹni tó fẹ́ gba iwájú ẹlòmíì, "Do not jump the queue" ni. "Don't shunt" yé gbogbo wa ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn onírélùwéè ni shunt, àlejò ò ní mọ ohun tẹ́ ẹ ń wí. "Queued" ni ti àná. "Queuing" àti "queueing" tọ̀nà méjèèjì; "queuing" ni kẹ́ ẹ lò, kò gba àyè púpọ̀ lórí páálí.

Lẹ́tà ńlá ni kẹ́ ẹ fi kọ gbogbo rẹ̀, kẹ́ ẹ sì lo máákà dúdú tí omi ò lè fọ̀. Bírò kì í hàn lókèèrè. Bí owó laminate bá wọ́n, ẹ ki ìwé náà sínú ọ̀rá tó mọ́ gaara, kẹ́ ẹ fi sẹ́lótéèpù dí ẹnu rẹ̀ dáadáa nítorí òjò. Ẹ kọ "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tò síbí" sábẹ́ rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ agbowó: ẹni tó bá ti dọ́dọ̀ agbowó ti tò tán.