Ẹ Má Lé Ọmọ Kúrò Nídìí Iṣẹ́

Ọmọ ọdún mẹ́ta tí ẹ bá lé kúrò nídìí ìkòkò kì í lọ síbi tí ẹ ní kó lọ. Ìdí àmù ló máa gbà lọ, tàbí kó lọ da iyọ̀ nù, tàbí kó lọ máa tẹ àbúrò rẹ̀ lójú títí ìyẹn á fi jí. Ìdí nìyí tí èmi kì í fi í lé wọn. Mo ní mẹ́ta nílé níbí ní Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀: ọmọkùnrin tó wà ní CI, ìyẹn kíláàsì àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọbìnrin tó ń lọ sí ọdún mẹ́rin, àti ọmọ ọwọ́ tó ti ń rá. Bàbá wọn ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Kútọnu, òpin ọ̀sẹ̀ la sábà máa ń rí i. Ìyá ọkọ mi ń gbé ní yàrá kejì nínú àgbàlá kan náà. Bí mo ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ìyá tí ẹ wà nílé pẹ̀lú ọmọ kéékèèké láti òwúrọ̀ dalẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ pín iṣẹ́ ilé sí ọ̀nà méjì. Apá kan ni iṣẹ́ tí ọmọ kò gbọdọ̀ sún mọ́: iná, omi gbígbóná, òróró, ọ̀bẹ, ata lílọ̀, ayọ́nù, omi jáfẹ́ẹ̀lì tí a fi ń mú aṣọ funfun. Apá kejì ni gbogbo ìyókù. Iṣẹ́ apá kìíní, ìgbà tí wọ́n bá sùn ni kí ẹ máa ṣe é, ìyẹn ni ìdájí àti ọ̀sán. Iṣẹ́ apá kejì, ìgbà tí ojú wọn bá là ni kí ẹ fi í sí, kí ẹ sì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìpín tirẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ìyá púpọ̀ ń ṣe é lódìlódì. Wọ́n á fi ìdájí gbálẹ̀, wọ́n á fi í ṣa ẹ̀wà, nígbà tí àwọn ọmọ bá sì jí tán ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òróró kaná.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, èmi ti dá iná èédú níta, lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, torí èéfín nínú yàrá kò dára fún àyà ọmọ ọwọ́. Omi kókó, ìyẹn ẹ̀kọ mímu, ni mo ń kọ́kọ́ gbé kaná. Tó bá hó, mo rọ ìyókù sínú tẹ́mọ́ọ̀sì, kí n má bàa tún dá iná nígbà tí ọmọ bá ń fa ìró mi. Tí mo bá fẹ́ din àkàrà, ìgbà yẹn náà ni. Lẹ́yìn náà ni mo gbé ọbẹ̀ ọ̀sán kaná, ẹ̀fọ́ gbọ́mọ̀ tàbí òòyọ́, kó lè jẹ́ pé ọkà nìkan ló kù láti rò tó bá di ọ̀sán. Ẹ má pọn ọmọ sẹ́yìn nígbà tí òróró bá wà lórí iná. Mo mọ̀ pé a máa ń ṣe é, mo sì mọ̀ pé àwọn ìyá wa ṣe é, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ oṣù mẹ́wàá gùn ju bí a ṣe rò lọ, òróró sì máa ń ta.

Kókó ọmọ ọwọ́ tó ti pé oṣù mẹ́fà kò gbọdọ̀ ṣàn jù. Kókó tó ṣàn ń kún ikùn láì fún ọmọ ní okun. Mo máa ń po ìyẹ̀fun sóyà tí a ti yan mọ́ ọn, tàbí ẹ̀pà lílọ̀ tó kúnná dáadáa, kí n tó kán epo pupa díẹ̀ sí i. Kó tó pé oṣù mẹ́fà, ọyàn nìkan ti tó, ẹ má tilẹ̀ fún un ní omi. Ẹ má sì fún un ní oyin títí yóò fi pé ọdún kan.

Àkọ́bí mi ń wọ kákì rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kí agogo mẹ́jọ tó lù. Alẹ́ àná ni a ti lọ kákì náà, a sì ti gbé bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Ìgbà tó bá ti lọ tán ni ọjọ́ wá bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ẹ̀wà ṣíṣà ni mo fẹ́ràn jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ́ ẹní sí abẹ́ máńgòrò, mo gbé àtẹ ka iwájú, mo sì bu ẹ̀wà ìkúnwọ́ kan sínú igbá kékeré fún ọmọbìnrin mi. Igbá kejì tó ṣófo ni ti òkúta. Bí ẹ bá bu ẹ̀wà púpọ̀ fún un, ìdààmú á bá a, á sì dà á nù. Ìkúnwọ́ kan ti tó. Tó bá parí, kó wá gbé e fún yín, kí ẹ wò ó, kí ẹ sọ ohun tó ṣe dáadáa ní pàtó: "O rí òkúta dúdú yìí, èmi ì bá má rí i." Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bu ìkúnwọ́ mìíràn. Ẹ má ṣe tún ẹ̀wà rẹ̀ ṣà lójú rẹ̀ o. Tí ẹ bá fẹ́ tún un ṣà, ẹ dúró di ìgbà tó bá sùn. Ọmọ tó bá rí i pé iṣẹ́ òun kò níye lórí kò ní ṣe é lọ́la.

Ẹ jókòó kọjú sí i, kì í ṣe kí ẹ kẹ́yìn sí i, torí ọmọ ń ki ẹ̀wà bọ imú. Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má fi ìka tàbí ìṣáná yọ ọ́, á túbọ̀ wọlé ni. Ọ̀rinrin imú á sì mú kí ẹ̀wà wú, nítorí náà ẹ má fi di ọ̀la. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ti ẹ̀pà tún lágbára jù ú lọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè pa ẹ̀pà, àmọ́ kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ lódidi, ó lè há a lọ́nà ọ̀fun. Kí ọmọ tó ń rá má sí nítòsí rárá, torí ohunkóhun tó bá já bọ́ sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ ló ń lọ.

Nídìí ẹ̀wà náà ni a ti ń ka nǹkan. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Àwọn òbí kan ládùúgbò wa ti fi Yorùbá sílẹ̀ pátápátá, Faransé ni wọ́n ń fọ̀ sí ọmọ ọdún méjì kí ó lè yára mọ̀wé. Èmi kò gbà. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ á kọ́ ọ ní un, deux, trois, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ó sì ní ọ̀pọ̀ ọdún láti fi ṣe é. Ta ni yóò kọ́ ọ ní ìyàtọ̀ láàárín ajọ̀ àti àtẹ, láàárín kí a ku ìyẹ̀fun àti kí a fẹ́ ẹ̀wà, tí kì í bá ṣe èmi tí mo mú un dání? Ẹ máa dárúkọ ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe bí ẹ ṣe ń ṣe é. Kò gba àkókò kankan.

Aṣọ fífọ̀ náà ní ìpín ọmọ. Abọ́ kékeré, omi tí kò kọjá ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ọṣẹ tẹ́ẹ́rẹ́, àti aṣọ kan ṣoṣo, ìbọ̀sẹ̀ tàbí ìborí. Tó bá fọ̀ ọ́ tán, ẹ jẹ́ kó sá a fúnra rẹ̀ sórí okùn tó wà nísàlẹ̀. Mo so okùn kan mọ́ igi tí kò ga ju àyà rẹ̀ lọ, tirẹ̀ ni. Ẹ da omi abọ́ náà nù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì dojú abọ́ délẹ̀. Omi díẹ̀ nísàlẹ̀ korobá lè pa ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde dúró, torí orí rẹ̀ wúwo, tó bá ti dojú bolẹ̀ kò ní lè gbé e sókè. Àmù àti dúrọ́ọ̀mù ní láti ní ìdérí tí ọmọ kò lè gbé. Tí kànga bá wà nínú àgbàlá yín, ìdérí onírin tó ní kọ́kọ́rọ́ ni kí ẹ fi dé e.

Ìgò ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọ̀rọ̀ mi sọ́kàn lé lórí jù lọ. Ẹnubodè Nàìjíríà kò jìnnà sí wa, ẹ sì mọ bí epo kpayo, ìyẹn epo bẹntiróò tí wọ́n ń fi fàyàwọ́ kó wá láti ibẹ̀, ṣe pọ̀ tó lẹ́bàá títì, nínú ìgò tí omi mímu tàbí ọtí ti wà rí. Ilé mìíràn, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń kó o sí. Omi jáfẹ́ẹ̀lì àti sóódà ọṣẹ náà ń wà nínú irú ìgò bẹ́ẹ̀. Ọmọ kò lè mọ èyí tó jẹ́ omi. Ẹ gbé gbogbo wọn sókè, sínú àpótí tó ní àgádágodo, lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá ti parí kíkà yìí. Bí ọmọ bá wá mu ún, ẹ má jẹ́ kó bì. Ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì. Epo kpayo tí ó bá bì yóò gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ gan-an ló ti ń pani. Sóódà ní tirẹ̀ yóò tún jó ọ̀fun nígbà kejì bó ṣe ń padà bọ̀. Ẹ nu ẹnu rẹ̀, ẹ bọ́ aṣọ tó rẹ fún epo, ẹ mú ìgò náà dání, kí ẹ gun ọ̀kadà lọ sí ilé-ìwòsàn.

Àkọ́bí mi ń dé láti ilé-ẹ̀kọ́ ní agogo méjìlá, kò sì ní padà sí ilé-ẹ̀kọ́ títí di mẹ́ta. Ìgbà tí mo bá fẹ́ ro ọkà, mo nílò ọwọ́ méjèèjì, ẹ̀yìn mi sì gbọ́dọ̀ ṣófo. Mo ń lọ sẹ́nu ọ̀nà ìyá ọkọ mi, mo kúnlẹ̀, mo ní: "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ọmọ yìí mọ́ra kí n fi ro ọkà." Ó ti mọ àsìkò yẹn báyìí, á ti jókòó dè mí. Ohun tí mo ṣàkíyèsí nípa àwọn ìyá wa ni pé wọn kò kọ ìrànlọ́wọ́, wọ́n kórìíra kí a kàn ju ọmọ lé wọn lọ́wọ́ láìmọ ìgbà tí a ó padà gbà á. Ẹ dá àsìkò, kí ẹ pa á mọ́, kí ẹ sì bu oúnjẹ tiwọn kọ́kọ́.

Oorun ọ̀sán ni òpó tó gbé ilé mi ró. Bí wọ́n bá jẹun tán, mo fọ ẹsẹ̀ àti ojú wọn, mo tẹ́ ẹní sórí sìmẹ́ńtì tó tutù, mo ṣí fèrèsé, mo sì dùbúlẹ̀ sáàárín wọn fúnra mi. Ẹ gbé fóònù sí yàrá mìíràn. Àkọ́bí mi máa ń sọ pé òun kò fẹ́ sùn, mo ní kó má sùn, kó kàn dùbúlẹ̀ kó dákẹ́. Kò pẹ́ tí á fi máa hanrun. Ìgbà yẹn ni mo ń dìde lọ gé ẹran, lọ ata, lọ aṣọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ lóyún tàbí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ fi ata sílẹ̀. Ẹ sùn.

Tó bá di ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ ti tán lára mi, agbára kò tíì tán lára wọn. Ẹ má fi wọ́n sínú ilé nígbà yẹn. Kétu ni àwọn àgbà wa sọ pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀, àwọn ọmọ mi sì ti rí i, nítorí náà mo lu ìdérí agolo pẹlẹbẹ, mo fi okùn kó wọn jọ, mo so ó mọ́ wọn lọ́rùn ẹsẹ̀ bí ìkù, ṣaworo ẹsẹ̀ àwọn oníjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Wọ́n á jó, ìyá àgbà á máa pàtẹ́wọ́, ọmọ ọwọ́ á máa fi ìdí mì. Bí wọ́n bá jó fún wákàtí kan, kò sí ìjà nígbà ìwẹ̀. Àlọ́ wà fún lẹ́yìn oúnjẹ, pàápàá nígbà tí iná bá lọ. Ìjàpá kan ti tó, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹkún gba ìkejì, tí ẹ kò bá fẹ́ máa sọ ọ́ títí di òru.

Inú àwọ̀n ẹ̀fọn ni kí wọ́n sùn, ìjọba ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ má fi í ṣe ọgbà ẹ̀fọ́. Ẹ béèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà nígbà tí ẹ bá gbé ìwé àjẹsára lọ, oṣù kẹrin 2024 ló ti bẹ̀rẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá dé, ṣíbí kékeré mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí iyọ̀ nínú líítà omi mímọ́ kan, ojú ṣíbí kó tẹ́jú, kí ẹ má sì dá ọyàn dúró. Tí ojú ọmọ bá jìn wọnú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, ilé-ìwòsàn ni.

Ẹ̀wà ṣíṣà kò ní tẹ́ ọmọ tó ti pé ọdún mẹ́fà lọ́rùn mọ́. Á fẹ́ kí ẹ rán òun níṣẹ́. Ẹ rán an, àmọ́ inú àdúgbò nìkan, kó má kọjá títì ọ̀dà tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń gbà. Ẹ kọ́kọ́ bá a lọ, kí ó mọ ìyá oníyọ̀, kí ìyá oníyọ̀ náà mọ̀ ọ́n. Ẹ fún un ní ọgọ́rùn-ún fàrán, ẹ sọ ohun kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́, kí ó tún un sọ fún yín kó tó kúrò, kí ó sì ka ṣéńjì sí yín lọ́wọ́ nígbà tó bá dé.