Bí a ṣe ń tan ampilifáyà tòkunbọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ kó má baà bú gbàù

Bí bángà ọdún Kérésì ló ṣe dún. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ampilifáyà kan dé láti àdúgbò Queen Cinema n'Ìbàdàn, mo ki wáyà rẹ̀ bọ iná nílé wa ní Apáta, mo sì tẹ̀ ẹ́. Kò tó ìṣẹ́jú kan, gbàù! Èéfín funfun bo yàrá, òórùn rẹ̀ dà bí ẹja tó ti ń bàjẹ́, bébà wẹ́wẹ́ sì fọ́n ká orí bẹ́ẹ̀dì bí ìyẹ́ adìẹ. Kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, màmá mi ti wà lójúde.

Kapásítọ̀ ló bú, àwọn agolo kéékèèké tó máa ń dúró ṣánṣán lórí pánẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀la alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ká jọ sínú rẹ̀ bí ẹni ká ẹní, tí wọ́n fi bébà tó rin fún omi kẹ́míkà há a láàárín. Bí iná bá pọ̀ jù fún un, tàbí tí wọ́n bá so ó sódì, omi náà á hó, á di afẹ́fẹ́, á sì máa wá ibi tí yóò gbà jáde. Ẹ wo orí agolo náà dáadáa, ẹ ó rí ìlà bí àgbélébùú tí wọ́n fín sí i. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o. Ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kó gbà ya. Nítorí náà, ẹ má ṣe da ojú bo pánẹ́ẹ̀lì tó wà lórí iná láé.

Ẹ kọ́kọ́ ka ẹ̀yìn rẹ̀

Ẹ̀bi tèmi ni. Wọ́n kọ 120V 60Hz gàdàgbà sẹ́yìn ampilifáyà náà, ojú mi ò sì sí níbẹ̀. Iná Amẹ́ríkà nìyẹn. Tiwa, fólítì (V) 230 ni, òun gan-an sì máa ń ga dé nǹkan bí 325 ní góńgó rẹ̀. Nínú tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà, 325 yẹn ló ń dé ara kapásítọ̀. Góńgó iná 120 kò ju 170 lọ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kapásítọ̀ oní-200, èyí tí kò lè gbà ju fólítì 200 lọ, ni wọ́n sábà máa ń fi sínú ẹrù tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà nìkan. Ampilifáyà tèmi ní tiransífọ́mà onírin ńlá ní tirẹ̀, èyí tó ń dín fólítì kù kó tó dé ara kapásítọ̀. Kapásítọ̀ oní-63 tó máa ń gba nǹkan bí 50 tẹ́lẹ̀ ni mo fún ní bí ìlọ́po méjì. Kí ló tún fẹ́ ṣe ju kó bú?

Bí bọ́tìnì 115/230 bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ yí i sí 230 kí ẹ tó ki wáyà rẹ̀ bọ iná. Bí kò bá sí, stẹ́pù-dáàn, àpótí tó ń sọ 230 di 120, ni kí ẹ rà, kí wáàtì rẹ̀ sì ju èyí tí wọ́n kọ sára ampilifáyà lọ.

Ẹ fa iná inú rẹ̀ tán

Bí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ kan inú rẹ̀, yíyọ ọ́ kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kò tó. Kapásítọ̀ ńlá máa ń fi iná pamọ́ bí ìkòkò ṣe ń fi omi pamọ́. Ẹ wá rẹsítọ̀ 1,000 ohm oní-wáàtì 10, ẹ so wáyà tó ní rọ́bà mọ́ ọn, ẹ fi kan ẹsẹ̀ kapásítọ̀ méjèèjì, kí ẹ sì kà dé 60. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi mítà wò ó bóyá ó ti tán lóòótọ́. Àwọn kan máa ń fi súkúrúdíráfà kàn án kó ta pàrà. Èmi ò ní bá wọn ṣe é.

Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ kapásítọ̀, ìlà tó wà lára agolo ni ẹsẹ̀ odì (−). Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún tantalum, èyí tó kéré bí ẹ̀wà: ẹsẹ̀ rere (+) ni ìlà tirẹ̀ ń tọ́ka sí. Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀.

Gílóòbù tó ń ṣọ́nà

Ẹ ó so gílóòbù kan sáàárín iná ògiri àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ampilifáyà máa lò, kó lè dín iná tó ń kọjá kù. Gílóòbù wáàtì 100 ti àtijọ́ lẹ ó lò, èyí tó ní okùn tín-ín-rín nínú tó sì máa ń gbóná. LED kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Bí ẹ ò bá rí i rà, ẹ bi àwọn tó ń sin òròmọdìẹ, òun ni wọ́n fi ń mú wọn móoru. Wáyà láìfù látinú pílọ́ọ̀gì á wọ ẹsẹ̀ kan gílóòbù, ẹsẹ̀ kejì á sì lọ sí ojú láìfù sọ́kẹ́ẹ̀tì. Nútírà àti ẹ́ẹ̀tì á lọ tààrà. Kí gbogbo rẹ̀ wà nínú àpótí tó dé pa. Bí ẹ ò bá so sọ́kẹ́ẹ̀tì rí, ẹ pe réwáyà.

Ẹ wá ki ampilifáyà bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí, ẹ dé ọmọrí rẹ̀, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sún sẹ́yìn, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tan iná lára ògiri. Bí gílóòbù bá tàn yòò tó sì rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kapásítọ̀ ń yó nìyẹn, ara rẹ̀ dá. Bó bá ń tàn yòò lọ bẹ́ẹ̀, wáyà kan ti pàdé èkejì níbìkan. Ẹ pa á, kí ẹ yẹ dáyóòdù àti tiransítọ̀ wò. Kò rọrùn kí nǹkan jó, torí pé gílóòbù náà kò ní jẹ́ kí iná tó ń kọjá tó ìdajì áńpíà.

Ṣùgbọ́n gílóòbù kò mọ̀wé kà o. Bí ẹ bá so oní-120 mọ́ 230, ó ṣì lè jẹ́ kí fólítì tó pọ̀ jù dé ara kapásítọ̀. Kò sì ní dá iná dúró kó má gbé yín.

Bó bá bú náà, ògiri ni kí ẹ ti kọ́kọ́ pa á. Ẹ jáde kúrò nínú èéfín, ẹ fi omi ṣan ara tí omi kẹ́míkà bá ta sí, kí ẹ má sì fọwọ́ kan inú rẹ̀ títí tí rẹsítọ̀ yóò fi ṣiṣẹ́ tirẹ̀.

Ampilifáyà mi ń kọrin báyìí lórí stẹ́pù-dáàn. Ṣùgbọ́n bí màmá mi bá ti rí gílóòbù yẹn lọ́wọ́ mi, ńṣe ni wọ́n máa ń gbé àga wọn lọ sójúde.