Bí A Ṣe Ń Mọ Ohun Tí Àkèré Orí Òkè Gíga Jẹ

Àwọn àgbà ní ìgbà tí àkèré bá kú là ń mọ gígùn rẹ̀. Ti ohun tó jẹ kò gba ikú: omi la fi ń ṣan án jáde. Rana sierrae là ń sọ, àkèré inú adágún orí òkè Sierra Nevada ní California, títí dé ibi tó ga ju mítà 3,000 lọ. Láti 2014 ni òfin Amẹ́ríkà ti ń dáàbò bò ó, torí náà, gba ìwé àṣẹ kí o tó fọwọ́ kan ẹyọ kan.

Má mú un ní kùtùkùtù. Ó ń kọ́kọ́ yá oòrùn lórí òkúta kí ara rẹ̀ lè móoru, kó tó máa ṣọdẹ. Dúró dọ̀sán, kí o sì ṣan ikùn rẹ̀ kí wákàtí 2 tó pé lẹ́yìn tí o bá mú un. Bí o bá pẹ́, kòkòrò ẹlẹ́ran rírọ̀ á ti dà. Èèrà àti kòkòrò eléèpo líle nìkan ni wàá bá, wàá sì rò pé kò jẹ nǹkan mìíràn.

Wá sírínjì mílílítà 20 sí 60, tíúbù rírọ̀ irú èyí tí wọ́n fi ń bọ́ ìkókó nílé ìwòsàn, asẹ́ olójú wẹ́wẹ́, àti ìgò sípírítì ìdá 70 nínú 100 láti tọ́jú ohun tó bá jáde. Ìbọ̀wọ́ tuntun fún àkèré kọ̀ọ̀kan. Àrùn awọ tí wọ́n ń pè ní chytrid ti pa wọ́n tán ní ọ̀pọ̀ adágún, ọwọ́ àti bàtà ènìyàn sì lè gbé e kiri.

Fa omi adágún náà gan-an, kí o ti afẹ́fẹ́ inú tíúbù jáde. Fi igi pẹlẹbẹ la ẹnu àkèré láti ẹ̀gbẹ́, ti tíúbù wọlé jẹ́jẹ́ títí yóò fi kan ìsàlẹ̀ ikùn, fà á sẹ́yìn díẹ̀. Dojú rẹ̀ kọ asẹ́, kí o tẹ sírínjì. Bí omi kò bá padà jáde, dáwọ́ dúró: ikùn lè bẹ́. Tún un ṣe títí omi yóò fi mọ́.

Orí kòkòrò ni kí o kà, má ka ẹsẹ̀. Fún ìwọ̀n àyè tí ara kòkòrò gbà, fi ìdajì gígùn lu ìdajì ìbú lẹ́ẹ̀mejì, kí o fi 4.19 lù ú: kòkòrò onímílímítà 12 tó fẹ̀ tó 4 á fún ọ ní nǹkan bí mílímítà kúbíkì 100. Kọ ikùn tó bá ṣófo pẹ̀lú sínú àkọsílẹ̀.

Kòkòrò mayfly tó ń jáde látinú omi, eṣinṣin, aláǹtakùn àti èèrà ni wàá máa rí. Àkèré ńlá tún ń gbé ọmọ àkèré onírù mì, ti ẹ̀yà mìíràn àti tirẹ̀ pẹ̀lú. Má fi tíúbù kan ọmọ onírù: ara òkúta ló ti ń ha oúnjẹ jẹ, fún ọdún 2 sí 4.

Má da àkọsílẹ̀ adágún tó ní ẹja trout pọ̀ mọ́ ti èyí tí kò ní. Ènìyàn ló kó trout débẹ̀, mayfly àti ọmọ onírù yìí kan náà ló sì ń jẹ.